Ẹni Tí Ìyá Àgbà Fẹ́ Jẹ Oúnjẹ Rẹ̀

Ọwọ́ Ìyá àgbà wà nínú ògì dé ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó ní kí n dúró, kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ibà dá ìyá ìyàwó Pétérù dùbúlẹ̀, Jésù wọlé tọ̀ ọ́, ó fà á lọ́wọ́ dìde, ibà náà sì lọ. Obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn àlejò. Ìyá àgbà fún aṣọ asẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi funfun ń ṣàn sínú ike, ó sì gbójú sókè wò mí.

"Lẹ́sẹ̀kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, mà."

"Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, òun náà ló tún wọ ilé ìdáná. Ìyàwó Pétérù ńkọ́? Níbo ló lọ?"

Mo ṣí iwájú, mo ṣí ẹ̀yìn, mi ò rí ìyàwó Pétérù. Mo ní wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀.

"Hùn-ún. Ọkùnrin ló kọ ọ́," ni Ìyá àgbà wí, ó sì bu ògì mìíràn sórí asẹ́.

Báyìí la ṣe ń ka ìtàn ìgbésí ayé Jésù ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkókómàíkò, lásìkò tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ní Làìbéríà tí wọ́n sì ń kó àwọn sójà wa lọ síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdírì nígbà náà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti kúrò ní Èkìtì wá bá wa gbé. Ó máa ń rẹ àgbàdo, á gbé e lọ sí ẹ̀rọ lẹ́yìn ilé, á sì fi ìrọ̀lẹ́ sẹ́ ẹ. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn omi ògì tó ti kan, ohùn ara mi ni mo máa ń gbọ́, tí mò ń ka Ìhìnrere sókè kí ariwo ẹ̀rọ má bàa bò mí mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà kò mọ ìwé kà. Èkìtì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mo sọ ọ́ di ti ìwé níbí yìí.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ fi ń kẹ́kọ̀ọ́. Ìyàwó kejì ni Ìyá àgbà nílé ọkọ. Ní irú ìjọ tiwa, ìyálé tó bá ọkọ dúró níwájú pẹpẹ ló lè jẹ Oúnjẹ Olúwa. Ìyàwó tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lè gbálẹ̀ ibẹ̀, ó lè kọrin kí ohùn rẹ̀ há, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù kò ní gbé ọwọ́ lé e lórí, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù kò bá gbé ọwọ́ lé kì í jẹun nídìí pẹpẹ. Ìyá àgbà lo ìgbà èwe rẹ̀ àti ìgbà àgbà rẹ̀ lórí ìjókòó, ó ń wo ẹ̀yìn ìyálé rẹ̀ tó ń lọ síwájú. Nígbà tí Bàbá àgbà kú, wọ́n sọ fún un pé kò sí ìdènà mọ́. Kó lọ kẹ́kọ̀ọ́, kí bíṣọ́ọ̀bù gbọ́wọ́ lé e. Kò sí ohun tó wù ú tó ìyẹn láyé. Ó ti dàgbà gan-an, ẹ̀rù sì ń bà á pé kí ó má lọ kú kí ó tó tọ́ ọ wò.

Ọ̀sán Sátidé ni kíláàsì náà. Àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ló kún ibẹ̀, Ìyá àgbà jókòó láàárín wọn pẹ̀lú ìborùn rẹ̀. Kátíkíìsì tó ń kọ́ wọn kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, ó jẹ́ onísùúrù, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà dán sùúrù náà wò. Ó fẹ́ mọ ẹni tó ń fọ aṣọ àwọn ọmọ ẹ̀yìn méjìlá. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá Jésù máa ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ mọ ohun tí Màríà ṣe nígbà tí ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pé 'Kí ni ṣe tèmi tìrẹ?' níbi ìgbéyàwó tí wáìnì ti tán. Lọ́jọ́ kan, kátíkíìsì nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ìyẹn ò sí nínú ohun tí bíṣọ́ọ̀bù máa bi yín."

"Ẹ má bínú, ọmọ mi. Ẹni tí mo fẹ́ jẹ oúnjẹ rẹ̀, ṣé kí n má mọ irú ẹni tó jẹ́?"

Àwọn ọmọ kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí, nítorí èmi ni mo máa ń mú un lọ. Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn mí. Mo ti rò pé mo mọ Jésù tán. Mo mọ orúkọ àwọn àpọ́sítélì lórí, mo mọ iye búrẹ́dì àti ẹja. Nígbà tí Ìyá àgbà bi mí pé kí ni ọkùnrin náà ń ṣe láti ọmọ ọdún méjìlá títí tó fi di ẹni ọgbọ̀n ọdún, mo rí i pé mi ò mọ nǹkan kan. Mo ní bóyá ó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà.

"Bóyá kọ́. Dìde, ká lọ wo káfíńtà."

Káfíńtà kan wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìyànà-Ìbà, Mùsùlùmí ará ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, ó ní irùngbọ̀n tí ìyẹ̀fun pákó máa ń kún inú rẹ̀. Òun ló kan àga ìkàwé bàbá mi. Ìyá àgbà kí i, ó kí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà wò mí bíi pé kí n ṣàlàyé, mi ò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀, ó bá na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ìyá àgbà fi ìka tẹ ibi tó ti le, ó wo àpá ayùn lórí àtàǹpàkò rẹ̀.

"Ọmọ mélòó ni ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí lè bọ́?"

"Bí Ọlọ́run bá ṣe fẹ́ ni, Ìyá. Ṣé ẹ ní ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ni?"

"Rárá o. Jésù ni mò ń wádìí. Wọ́n ní ó ṣe é rí."

Mo rò pé ọkùnrin náà á fi wá rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ànábì Ísà," ó sì gbé ìjókòó kan jáde, ó fi rágì nù ún, ó ní kí Ìyá jókòó. Ó wá ní, "Iṣẹ́ yìí kì í jẹ́ kéèyàn kánjú, mà. Tẹ́ ẹ bá ti fi ayùn gé pákó kúrú, ó ti kúrú nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń gé e, àmọ́ èèyàn á ti wọ̀n ọ́n títí."

Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì padà sílé. Lálẹ́ yẹn ó sọ fún bàbá mi lórí oúnjẹ pé òun ti mọ ìdí tí Jésù kì í fi í tètè dáhùn nígbà tí wọ́n bá gbé ẹjọ́ ká a mọ́. Bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ní Alausa ti tán lókun, ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó sì ń bá ẹ̀bà rẹ̀ lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyá àgbà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè lọ́wọ́ òun, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìyálé rẹ̀. Ìyá Bárékè ni àwa ọmọ ń pè é, torí pé ilé ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sójà ló ń gbé, nínú Cantonment Ọ̀jọ́, bárékè àwọn sójà. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí Làìbéríà, ìyá rẹ̀ dúró ti ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan péré ló gbé èèyàn láti ilé wa débẹ̀, síbẹ̀ Ìyá Bárékè kì í wá, Ìyá àgbà kì í lọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ni pé nígbà tí wọ́n gbé Bàbá àgbà wá sí ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú àìsàn, Ìyá àgbà ránṣẹ́ sí ìyálé rẹ̀ nípasẹ̀ obìnrin kan tó ń tajà ní Ìyànà-Ìbà, iṣẹ́ náà kò dé. Ìyá Bárékè kò mọ̀ títí Bàbá àgbà fi kú. Ó dé nígbà tí wọ́n ti fi aṣọ bo ojú ọkọ rẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò pè mí?" Wọ́n ṣàlàyé fún un. Láti ìgbà yẹn kò tún tẹ ilé wa.

A ka Ìhìnrere dé ibi ìwàásù orí òkè. Ilẹ̀ ti ń ṣú lọ, Ìyá àgbà ń da omi ojú ògì nù, mo sì ka ibi tí Jésù ti ní bí èèyàn bá mú ọrẹ rẹ̀ dé ibi pẹpẹ, tó wá rántí níbẹ̀ pé arákùnrin rẹ̀ ní ohun kan nínú sí òun, kó fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mo dúró de ìbéèrè rẹ̀. Kò dé. Mo ní, "Ṣé kí n máa kà lọ, mà?" Ó ní ó tó fún tòní. Lọ́jọ́ kejì ó ní kí n ka ibẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, kò tún sọ nǹkan kan. Ọkàn mi kò balẹ̀. Obìnrin tó bi mí léèrè nípa ìyàwó Pétérù kò lè ṣàìní ìbéèrè kankan lórí èyí.

Ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé pé. Ìyá mi ti rán aṣọ funfun fún Ìyá àgbà, pẹ̀lú ìborùn funfun, ó lẹ́wà bí ẹni tó ń ṣe ìyàwó. Bàbá mi mú kámẹ́rà tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání. Bíṣọ́ọ̀bù jókòó lórí àga níwájú pẹpẹ, àwọn tí wọ́n fẹ́ gbọ́wọ́ lé ń kúnlẹ̀ ní méjì-méjì. Ìlà ń sún, Ìyá àgbà ń sún mọ́ ọn, inú mi ń dùn débi tí mi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tó ku àwọn méjì péré níwájú rẹ̀, ó dúró. Ọmọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù ú. Ó yà kúrò nínú ìlà, ó gba àárín ìjókòó bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì kan ìjókòó wa.

"Dìde, ká lọ," ló sọ fún mi.

Ìyá mi rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ, ó ní kí n tẹ̀ lé e kíákíá kí wọ́n má bàa pè é kò sí níbẹ̀. Ìta ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀nà títì ló kọjú sí. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ní, "Ìyá àgbà, ó ti kàn yín o." Ó ní òun mọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò jẹ́ kí wọ́n ṣe é tán ká tó lọ. Ó ní, "Ibi téèyàn bá ti rántí ni Jésù ní kó fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ sí."

A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀jọ́. Ní ẹnu géètì bárékè, sójà kan wo aṣọ funfun rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Mama, who you wan see? Na wedding?" Ìyá àgbà kò gbọ́ èdè náà, ó fi Èkìtì dá a lóhùn pé ìyálé òun ni òun wá rí. Èmi ni mo ṣàlàyé, ó sì jẹ́ ká wọlé.

Ìyá Bárékè wà lórí ẹní níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó rí wa lókèèrè, kò dìde, kò sì dá ọwọ́ dúró. Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun náà. Kò fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, kò pa òwe.

"Ìyálé mi, mi ò ránṣẹ́ sí yín. Kò sí obìnrin kankan tí mo rán. Ọkọ wa ń pè yín, mo sì ń sọ fún un pé mo ti ránṣẹ́. Ó kú, ó rò pé ẹ kọ̀ láti wá ni."

Ọwọ́ Ìyá Bárékè dúró. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú mi sí. Irọ́ ni gbogbo ohun tí a ti gbàgbọ́ nílé wa, Ìyá àgbà mi ló sì pa á. Ó dùn mí gan-an.

"Nítorí kí ni?" ni Ìyá Bárékè bi í, ohùn rẹ̀ kéré.

"Gbogbo ohun tó jẹ́ tiwa, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ní in. Ẹ̀yin lẹ bá a wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ síwájú, tí mò ń wo ẹ̀yìn yín. Mo ní kí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ tèmi nìkan."

Àwọn ọmọ sójà ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹnì kan sì ń fọ abọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Ìyá Bárékè wo aṣọ funfun tó wà nínú eruku.

"Ṣé kì í ṣe òní ni wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù máa gbọ́wọ́ lé ọ?"

"Òní ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀."

"Ta ló ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Jésù ni. Ọmọ yìí kà á fún mi."

"Bí mo bá ní mi ò gbà ńkọ́?"

"Kò sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Èmi ló ní kí n dìde."

Ìyá Bárékè gbé abọ́ ẹ̀gúsí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí mi ò rò pé ó máa béèrè. Ó ní, "Orúkọ wo ló fi ń pè mí?" Ìyá àgbà rọra fi orúnkún wọ́ sún mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sí i létí. Bóyá oríkì rẹ̀ ni, bóyá orúkọ ìgbà ọ̀dọ́ wọn ni, èmi kò gbọ́. Ìyá Bárékè fi ìdí ìró bo ojú, ó sì sunkún ọkọ rẹ̀ níbẹ̀ bíi pé ọjọ́ náà ló kú. Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Nígbà tó sunkún tán, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi, ó sì ní ká máa lọ sílé, ilẹ̀ ń ṣú.

Bíṣọ́ọ̀bù ti lọ nígbà tí a padà. Bàbá mi bínú, ojú sì tì í, títí Ìyá àgbà fi pè é wọ yàrá tó sọ òótọ́ fún un. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò bínú mọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó tún lè bá ìyá rẹ̀ ṣàwàdà. Kátíkíìsì ló wá tu Ìyá àgbà nínú, ó ní, "Omi ló dànù, Ìyá, agbè ò fọ́. Bíṣọ́ọ̀bù á tún wá."

Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ìyá Bárékè wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì wá jókòó ti Ìyá àgbà. Wọn ò kí ara wọn ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Nígbà tí ó tó àkókò, tí àwọn tó ń jẹ Oúnjẹ Olúwa dìde, gbogbo wa ń retí kí Ìyá Bárékè náà dìde, nítorí kò sí oṣù tó kọjá tí kò jẹ ẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò mira. Kátíkíìsì rò pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó bi í bóyá kí wọ́n gbé e wá bá a níbi tó wà.

"Rárá, ẹ ṣeun," ni Ìyá Bárékè dáhùn. "Mò ń dúró de ìyàwó mi."

Ìyá àgbà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó fi etí ìborùn nu ojú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní oṣù kejì, àti ní èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n á jókòó pọ̀, àwọn yòókù á kọjá lára wọn lọ síwájú. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ lẹ́yìn ìsìn. Èmi ni mo tún ń kàwé, àwọn méjì ló wá ń bi mí ní ìbéèrè báyìí, Ìyá Bárékè sì máa ń bá Pétérù wí ju ti Ìyá àgbà lọ.

Ìyá àgbà kú kí bíṣọ́ọ̀bù tó tún yí padà sọ́dọ̀ wa. Ọwọ́ ìyálé rẹ̀ ló kú sí, nítorí pé bàbá mi ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí bárékè lọ pè é.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìgbésí ayé Jésù láti ìgbà náà, ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ èdè àtijọ́ àti àwòrán ilẹ̀ ibẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí wọn, mo sì máa ń wá ìyàwó Pétérù nínú wọn pẹ̀lú. Èmi náà ń kọ́ kíláàsì ìgbọ́wọ́lé báyìí ní ṣọ́ọ̀ṣì mi. Bí a bá dé ibi ìwàásù orí òkè, mo máa ń sọ ìtàn àwọn ìyá méjì yìí fún àwọn ọmọ náà, kò sì sí ọdún tí ẹnì kan nínú wọn kì í bi mí pé lójú Jésù, àwọn méjèèjì tó jókòó yẹn, ṣé wọ́n jẹ Oúnjẹ Olúwa àbí wọn ò jẹ ẹ́. Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi dá wọn lóhùn. Mo máa ń ní kí àwa náà jókòó ná, ká rò ó.